Ta Ló Dá Modákẹ́kẹ́ Sílẹ̀? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìṣẹ̀dá àti Ìyípadà Díẹ̀díẹ̀

Mo júbà Ẹlẹ́dàá, Ọba àìrí, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, kí n tó la ẹnu sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀. Nítorí àwọn àgbà ti pa á lówe pé ọmọdé kì í mọ ìtàn, kó mọ àgbọ́wí, kó tún mọ ọjọ́ tí a ṣẹ̀dá òun, bí ó sì ti wù kí irun orí mi funfun tó lónìí, níwájú ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú òkè àti odò, ọmọdé ni mí.

Ní ọdún mélòó kan kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ìdánwò nínú ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí, mo sì ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí Charles Darwin sọ. Ọmọbìnrin kan, tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́, kọ ọ́ láìku síbì kan, ó tilẹ̀ ya àwòrán ẹnu ẹyẹ oríṣiríṣi sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé náà, mo rí i pé ó fi rúlà fa ìlà kan gbọọrọ láti etí ìwé dé etí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, nítorí máàkì ni mo ṣe kọ ti òkè yìí. Ọlọ́run ló dá mi.” Mo fún un ní gbogbo máàkì tí ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n báírò pupa mi dúró lórí ìlà náà pẹ́ títí, n kò sì rí ohun kan kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ náà kò purọ́: ó ti sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì, ó ti sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá fi rúlà là wọ́n kí wọ́n má baà jà.

Ìlà yẹn ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí lálẹ́ òní. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ láti kékeré, tí mo sì fi ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí nínú ìlú Modákẹ́kẹ́ yìí, gbà pé ibi tí ọmọ náà fa ìlà sí kì í ṣe ibi tí ìjà wà. Ìjà kan wà lóòótọ́, ó sì le, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ó fara pamọ́ sí, n ó sì mú yín dé ibẹ̀ bí ẹ bá fún mi ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń bá jà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbógun ti ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí. Wọ́n a ní Darwin sọ pé ọ̀bọ tí a ń rí lónìí ni baba wa. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ẹfolúṣọ̀n, tí èmi yóò máa pè ní ìyípadà díẹ̀díẹ̀, sọ pé bí a bá tọ ìran ènìyàn àti ìran ọ̀bọ lọ sẹ́yìn láti ọmọ dé baba, láti baba dé baba ńlá, a ó dé ibi tí ojú ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n baba mi ti ń pàdé lọ́dọ̀ baba àgbà kan náà, láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wa di baba fún èkejì. Ó ní ọmọ kì í jọ òbí rẹ̀ tán pátápátá. Pé nínú ìyàtọ̀ kékeré wọ̀nyí, òmíràn a máa ran ẹni tí ó ní in lọ́wọ́ láti yè, kí ó sì bí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀. Àti pé bí èyí bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún tí ẹnu kò lè kà, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní irú kan a di irú mìíràn. Ọdún 1859 ni Darwin tẹ ìwé rẹ̀ jáde, orí ọ̀rọ̀ ẹyẹlé àti ohun ọ̀sìn ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn mọ̀ dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ pé ìyá àgbà mi ló ń bá sọ̀rọ̀, ì bá ti gbọ́ ọ yé. Ní ìdí oko kòkó tí wọ́n dá sí apá ìsàlẹ̀, nígbà tí a bá kó àgbàdo òjò wọlé, ìyá àgbà a jókòó sórí àpótí, a máa yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì máa bó wọn láti orí: èyí tí hóró rẹ̀ bá ṣẹ́ àlàfo, ó di ti ògì, èyí tí ó bá kéré, ó di ti adìẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tóbi, tí hóró rẹ̀ tò gún régé láti ìdí dé orí, a fi háhá rẹ̀ so ó mọ́ èkejì, a sì fi í kọ́ sí òkè ààrò, níbi tí èéfín yóò ti máa fẹ́ ẹ, tí kòkòrò kò ní lè dé ibẹ̀, títí òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò fi rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan an, bí ebi tilẹ̀ ń pa ilé. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, láti ìran dé ìran, ni ó sọ àgbàdo di àgbàdo. Nítorí ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, koríko igbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ teosinte ni, tí èso rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí hóró bíi mélòó kan tí ó wà lára rẹ̀ sì le bí òkúta. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣà á lẹ́ṣà títí ó fi di ohun tí a ń sun lẹ́bàá ọ̀nà yìí. Darwin wá béèrè pé: nínú igbó, níbi tí kò sí ìyá àgbà, ta ni ń ṣàṣàyàn irúgbìn? Ó dáhùn pé ọ̀dá, ebi, àrùn àti ọ̀tá ni, àwọn tí ń pa èyí, tí ń dá ìyẹn sí.

A kò sì ní láti lọ sínú igbó kí a tó rí i. Ẹ̀yin tí ẹ tó mi lọ́jọ́ orí rántí Nivaquine, oògùn kíkorò tí ó máa ń yún ni lára bí ẹni tí wèrèpè bá. Ẹ rántí pé nígbà èwe wa, bí a bá ti gbé e mì, ibà a wábi gbà. Kí ló dé tí ìjọba àpapọ̀ fi pa á tì ní ọdún 2005, tí ó ní oògùn mìíràn ni kí a máa lò? Nínú ẹgbàágbèje kòkòrò ibà tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ wà tí ìyàtọ̀ kékeré kan wà nínú ìṣẹ̀dá wọn tí oògùn náà kò fi ràn wọ́n; àwọn yòókù kú, àwọn wọ̀nyí yè, wọ́n sì bí ọmọ tí ó jọ wọ́n. Ẹni tí ó bá sọ pé ìyípadà díẹ̀díẹ̀ kò sí, ibà tí ó ṣe é lẹ́yìn tí ó lo Nivaquine tán ń ta kò ó.

Bí ẹ bá sì ní ti kòkòrò yé yín ṣùgbọ́n kí a má fi kan ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́, níbi tí ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw, tí ó jẹ́ onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ hú egungun ènìyàn kan níbẹ̀ láàárín àìmọye òkúta gbígbẹ́. Egungun náà ti lé ní 11,000 ọdún. Ní ọdún 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí náà wọ̀n, wọ́n sì rí i pé ìrísí rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti bí iwájú orí rẹ̀ ti rẹlẹ̀, sún mọ́ ti àwọn ènìyàn àtijọ́ tí wọ́n ti gbé ayé ní ọ̀kẹ́ ọdún mélòó kan ṣáájú rẹ̀ ju bí ó ti sún mọ́ tiwa lọ. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí ní ìwé tirẹ̀, inú erùpẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n yíjú sí apá ìsàlẹ̀ ìlà ọmọ yẹn: “Ọlọ́run ló dá mi.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ń sọ èdè Yorùbá ń sọ nígbà tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ náà mọ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án ni òun fi wà nínú ìyá òun, ó mọ ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n bí i sí, ó tilẹ̀ lè dárúkọ agbẹ̀bí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Olúwaṣeun, ìyá rẹ̀ kò bínú pé a ti gba iṣẹ́ òun fún ẹlòmíràn. A kò sì tíì rí ìlú Yorùbá kan tí àwọn ènìyàn ti pín sí méjì, tí apá kan ń pariwo pé Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ, tí apá kejì ń pariwo pé láti inú oyún ni ọmọ ti ń wá. Gbólóhùn méjèèjì ń gbé ẹnu kan náà láti àárọ̀ dọjọ́ alẹ́, wọn kì í sì í ta kora. A ní olúkúlùkù ni ó ní Ẹlẹ́dàá tirẹ̀; èyí já sí pé lójú àwọn tí ó dá èdè yìí, ìṣẹ̀dá kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì tán, ó ń ṣẹlẹ̀ títí di òní nínú gbogbo ìyẹ̀wù tí a ti ń rọbí. Bí oṣù mẹ́sàn-án kò bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ló dé tí ọdún bílíọ̀nù 4.5 tí ayé yìí ti wà fi gbọdọ̀ gbà á?

Àwa tí a sì ń gbé ní ẹsẹ̀ Ilé-Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, kò yẹ kí ìtàn ìṣẹ̀dá ṣàjèjì sí wa. Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀wọ̀n tí ó rọ̀ láti òde ọ̀run, erùpẹ̀ inú ìkarahun ìgbín, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí ń tan án, tí ilẹ̀ ń fẹ̀, tí ilẹ̀ ń fẹ̀, àti agẹmọ tí ó rọra fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti le tó. Àwọn kan ní Ọbàtálá ni a rán; àwọn mìíràn ní Odùduwà ló ṣe é, nítorí pé ẹmu ti pa Ọbàtálá lójú ọ̀nà; ìlú kan náà ló sì ń pa ìtàn méjèèjì mọ́. Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé àwọn baba ńlá wa ti mọ gbogbo ohun tí òyìnbó wá ń kọ́ wa yìí. Wọn kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí: nígbà tí àwọn àgbà wọ̀nyí ń sọ ìtàn ènìyàn, wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ọwọ́ méjì. Ọbàtálá alámọ̀ rere ni ó ń fi amọ̀ mọ ara, imú, ojú, ọmọ ìka. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n dára tó, ère amọ̀ lásán ni títí Olódùmarè, Ọ̀gá Ògo, yóò fi mí èémí sí i. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà pé Póòpù Pius Kejìlá, ní ọdún 1950, fi àyè gba àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà láti máa wádìí bóyá ara ènìyàn ti ara ohun abẹ̀mí mìíràn jáde, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n dì í mú pé ọwọ́ Ọlọ́run tààrà ni ọkàn ti wá. Àti pé ní ọdún 1996, Póòpù John Paul Kejì sọ pé ẹ̀kọ́ náà ti kọjá àbá lásán. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú wọn, Augustine, ọmọ Áfíríkà, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, tí ó kú ní ọdún 430, ti kọ́ni pé kò yẹ kí a ka ọjọ́ mẹ́fà inú Jẹ́nẹ́sísì bí ẹni ń ka ọjọ́ ọjà, àti pé Ọlọ́run fi ọ̀pọ̀ nǹkan sínú ayé bí irúgbìn, láti hù nígbà tí àkókò wọn bá tó. Ẹ̀yin ààfáà wa náà mọ̀ pé Àlùkùránì kò fi wákàtí wa wọn ọjọ́ Olúwa.

Ẹnìkan lè ní ìsọkúsọ ni, pé nǹkan kan kò lè jẹ́ dídá kó tún jẹ́ híhù. N ó bi í pé: ta ló dá Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀? Bí ó bá ní Ọọ̀ni Adégúnlé Abewéelá ni, ó gbà á, nítorí ní nǹkan bí ọdún 1847 ni Ọọ̀ni náà fún àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá ní ilẹ̀ ní ẹ̀yìn odi Ifẹ̀ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Láìsí àṣẹ rẹ̀, ìlú yìí kò sí. Bí ẹlòmíràn bá ní ogun tí ó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé ni, àti ẹsẹ̀ àwọn ìyá wa tí wọ́n fi orí ru ẹrù láti ìletò dé ìletò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sin ìsinrú kí wọ́n tó kọ́ ilé ara wọn, òun náà gbà á, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ àṣẹ Ọọ̀ni di irọ́. Wọ́n tilẹ̀ ní igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tí ó wà lórí igi ńlá kan nítòsí ibẹ̀ ni orúkọ ìlú wa ti jáde. Ẹni tó dá a ní ìdáhùn tirẹ̀, bí ó ṣe dé bẹ́ẹ̀ ní ìdáhùn tirẹ̀. Àwa tí a mọ iye ẹ̀mí tí ìjà ààlà gbà láàárín àwa àti àwọn ará Ifẹ̀, ará ilé wa, kò gbọdọ̀ yá ẹnu dá ààlà sí ibi tí kò sí.

N kò sọ pé ohun gbogbo bára mu o. Ẹni tí ó bá dì í mú pé ọjọ́ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún mẹ́fà ni a fi dá ayé, àti pé ayé kò ju 6,000 ọdún lọ, kò lè fi ìyẹn kún ìyípadà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni yóò jù sílẹ̀, òkúta àti egungun kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ti inú ilé àyẹ̀wò jáde tí ó ní òun ti wo gbogbo rẹ̀ tán, òun kò rí Ọlọ́run, ti fi ìwọ̀n tí a fi ń wọn gààrí wọn ohun tí kì í ṣe gààrí. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ẹdẹ, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí. Ìjọ Redeemed ló dá Redeemer's University tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Àdúrà kì í wọ́n níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ka àbùdá kòkòrò kòrónà tí ó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2020, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti wá? Gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń mọ ọmọ Ọ̀yọ́ nípa àbàjà ojú rẹ̀ láyé àtijọ́: gbogbo ìgbà tí kòkòrò bá bímọ, àṣìṣe kékeré kan lè wọ inú ẹ̀dà rẹ̀, ọmọ a sì jogún rẹ̀, ẹni tí ó bá mọ àmì wọ̀nyí kà lè sọ ìdílé wọn. Ìyípadà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kà níbẹ̀ lójoojúmọ́, lábẹ́ òrùlé ìjọ, ilé náà kò sì wó.

Ibi tí ìjà wà gan-an nìyí o, mo sì ti ń fà á sẹ́yìn nítorí pé ó kan ilé mi. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ìjọ ní kí òun àti ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mú ìwé jẹ́nótáìpù wá kí wọ́n tó lè kéde wọn. Mo bá wọn lọ, mo sì ní kí wọ́n gba tèmi náà. Wọ́n fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́, òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró wà ní igun rẹ̀, lẹ́tà méjì ló wà láàárín: AS. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ń gbé e kiri. Ní ọdún 1954, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í sábà rí ọmọ tí ó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí pa, ìdí sì nìyí tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ní i, tí ìyá ní i, nínú oyún mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ SS, fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn dókítà sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú, àrùn yìí ló pa wọ́n.

Ọmọ méje ni ìyá mi bí. Mẹ́ta kò dúró: Dúrósinmí, Málọmọ́, Kòsọ́kọ́. Mo rántí ṣaworo tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ Málọmọ́, mo rántí bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń wú tí yóò sì máa ké lóru pé eegun ń dun òun. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí wa tí ó pa àwọn mẹ́ta yìí, òun náà ló dáàbò bò mí tí ibà kò fi rí mi pa. Bí Ọlọ́run bá ń dá ènìyàn ní ọ̀nà yìí, Ó ń dá a pẹ̀lú òkú ọmọ. Ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ ìlà ọmọbìnrin yẹn nìyí, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀: kì í ṣe pé bóyá ọjọ́ mẹ́fà ni tàbí bílíọ̀nù ọdún, bí kò ṣe pé irú ọwọ́ wo ni ọwọ́ tí ó mọ wá. Ẹni tí ó sì sá fún Darwin kò tíì bọ́ nínú rẹ̀, nítorí Málọmọ́ ti kú kí n tó gbọ́ orúkọ Darwin rí. Àwọn tí ń sin Ọbàtálá kò sá fún un: wọ́n gbà pé ọwọ́ alámọ̀ gbọ̀n lọ́jọ́ kan nítorí ẹmu, wọ́n pe abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n sì fi ẹmu sílẹ̀ títí ayé nítorí rẹ̀. Ìjọ mi kò fún mi ní ìtàn tí ó tó ìyẹn. N kò ní ìdáhùn, n kò sì ní ṣe bí ẹni tí ó ní in níwájú àwọn ìyá tí ó jókòó síhìn-ín tí wọ́n mọ ohun tí mo ń wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn àgbà ilé gbé Málọmọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyẹ̀wù, kò sunkún. Ó fà mí mọ́ra, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé àtàrí mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń dé igbá, ó ní: “Ẹlẹ́dàá ọmọ mi, má sùn o.” Lónìí mo mọ lẹ́tà méjì tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi lábẹ́ ọwọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ṣì ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀.